Ẹ Má Tìtorí Ìwo Sọ Oògùn Ìfúnpá Nù

Àǹtí mi kan tó ń yan ẹja ní Ugbónlá ló yí ẹ̀yìn ọrùn sí mi. Ojú abẹ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àmì róbótó tí ẹnu ìwo fi sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé ọkùnrin tó fà á wá. Ó ní òun ti fa ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù kúrò, kí àǹtí má lo amlodipine, oògùn ìfúnpá rẹ̀, mọ́. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti wálẹ̀ láti 180 sí 165. Ni àǹtí bá di oògùn rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó kì í bọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ẹja. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè gbé agbọ̀n mọ́.

Orúkọ àìsàn yìí wà lára ohun tó ń tàn wá. A ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ló bá dà bíi pé ẹ̀jẹ̀ ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, ká bu díẹ̀ dànù. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó tó ń gbà kọjá ni wàhálà, torí òpó ọ̀hún ti fún tàbí ó ti le. Ta ló rí òkun tó ń ru, tó wá gbé igbá láti gbọ́n ọn kó lè dákẹ́? Abẹ tó sì ti kan ẹlòmíràn lè gbé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tàbí éèdì wọni lára.

Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó náà ń fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: òyìnbó ti rí iṣẹ́ abẹ tó ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ, oògùn ti parí. Ẹ̀bù òótọ́ kan wà níbẹ̀. Dókítà máa ń ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba òpó ẹ̀jẹ̀ abẹ́ itan títí yóò fi dé èyí tó ń bọ́ kíndìnrín, kó lè jó àwọn iṣan tín-ínrín tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá síbẹ̀. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ẹ̀rọ méjì fún iṣẹ́ yìí ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ìfúnpá òkè tí jíjó náà fúnra rẹ̀ ń mú wálẹ̀, ju ti ẹni tí wọn ò jó lọ, kò sábà ju 4 sí 6 lọ. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ṣiṣẹ́, ẹni tó wà ní 180 á kàn dé 174! Hóró oògùn kan lè ṣe jù bẹ́ẹ̀. Àwọn tí oògùn mẹ́ta kò kápá ìfúnpá wọn ni wọ́n sábà ń rò ó fún, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń bá oògùn lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́dún 2014, èsì àyẹ̀wò kan jáde láti Amẹ́ríkà lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 500. Wọ́n jó iṣan àwọn kan. Wọ́n ti wáyà bọ àwọn yòókù lára, wọn ò jó nǹkan kan, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n mọ ìhà tí wọ́n bọ́ sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìfúnpá àwọn tí wọ́n jó fi 14 wálẹ̀. Àwọn tí wọn ò jó ńkọ́? Tiwọn náà fi nǹkan bíi 12 wálẹ̀. Nítorí náà, 165 àǹtí mi kò jẹ́rìí ìwo rárá. Ìfúnpá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ru ẹja tán kì í ṣe ìfúnpá ẹni tó sùn jí.

Kí n má purọ́, iṣẹ́ abẹ tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn wà, fún ìwọ̀nba èèyàn tí kókó kan hù sára ẹ̀yà ara kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín wọn. Àyẹ̀wò ọsíbítù ló ń fi í hàn, kì í ṣe ojú oníwo.

Bí amlodipine bá ń mú ẹsẹ̀ yín wú, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ padà sọ fún dókítà, oògùn mìíràn pọ̀. Ẹ kó oògùn yín sínú ike tó lómọrí, kí omi má bàa kàn án nínú ọkọ̀, kí ẹ sì rà tó oṣù kan bí ẹ bá ti dé Ìgbókòdá. Púpurù tí à ń jẹ ò ṣe wá ní nǹkan. Iyọ̀ àti Maggi inú ọbẹ̀ ni kí ẹ dín kù. Bí ẹnu ẹnìkan bá wọ́, tàbí tí apá rẹ̀ rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ọkọ̀ ọsíbítù ni kí ẹ wá lójú ẹsẹ̀.

Àǹtí ti padà sídìí oògùn rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń yí ẹja lórí ààrò báyìí.