Àìsàn Ìsoríkọ́ Lè Lọ, Ó sì Lè Padà

Ìbànújẹ́ nìkan kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí iná jó oko rẹ̀, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, yóò banú jẹ́. Bí ọjọ́ ti ń lọ, yóò tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ kò bá kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ènìyàn kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí oko àti ọjà sú u, tí ó ń rò pé òun kò wúlò mọ́, àìsàn nìyẹn. Ìsoríkọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe wèrè.

Àwọn kan a máa bọ́ nínú rẹ̀ láìgba ìtọ́jú. Òtítọ́ ni. Àmọ́ ó lè pẹ́ púpọ̀, ẹni tó sì ti ṣe é rí lè tún ṣe é.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Ùgáńdà ní ọdún 2002. Ní agbègbè Masaka àti Rakai, àrùn sídà ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn olùwádìí mú abúlé 30. Ní abúlé 15, wọ́n kó àwọn tí ìsoríkọ́ ń ṣe jọ, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Wọ́n ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 16, wákàtí kan ààbọ̀ ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń darí wọn kì í ṣe dọ́kítà. Ará agbègbè náà ni, tó gbọ́ èdè wọn, tí a sì kọ́ níṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa òkú tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, nípa ìjà inú ilé, nípa ayé tó yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n sì jọ ń wá ohun tí olúkúlùkù lè ṣe sí i. Wíwí pé «mọ́kàn le» nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ní abúlé 15 yòókù, kò sí ìpàdé yìí.

Nígbà tí ìpàdé parí, nínú ènìyàn 100 tó wà nínú ẹgbẹ́, bíi 7 péré ni ìsoríkọ́ ṣì ń ṣe. Ní abúlé yòókù, bíi 55 ni. Lẹ́yìn oṣù 6, 7 ti di bíi 12, 55 sì dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé àìsàn náà ń fẹ́ padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà bíi ti àtijọ́.

Nítorí náà, bí oorun bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá, tí ẹ sì ń sá fún ènìyàn, ẹ má dúró kí ó pọ̀. Ẹ tètè padà sọ́dọ̀ ẹni tó tọ́jú yín. Bí dọ́kítà bá fún yín ní oògùn, ẹ má dédé dá a dúró nítorí pé ara ti yá.

Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kó oògùn òwú kúrò nílé.

Ẹ jíròrò: Ní abúlé yín, ta ni ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lè bá sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò ní dé ọjà?