Àpótí Ìmọ̀: Kí ni «put off» ń sọ?

Bí wọ́n bá ní «They put off the meeting», ìpàdé náà kò tíì kú. Wọ́n kàn sún un síwájú ni. Èyí tí wọ́n bá fagi lé pátápátá ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «call off». Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lè jókòó sílé lọ́jọ́ ìdánwò!

Ibi tí àbọ̀ ń dúró sí ló ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú jù. «Put the meeting off» dára, «put off the meeting» náà dára. Ṣùgbọ́n bí àbọ̀ bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, àárín ló gbọ́dọ̀ wà: «put it off», kì í ṣe «put off it». Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa, torí àwọn kan lára ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa náà ń là sí méjì. «Ba ilé jẹ́» là ń sọ, àti «bà á jẹ́»; ta ló ń sọ pé «bàjẹ́ ilé»?

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn bá tẹ̀ lé «put off», ó gbọ́dọ̀ ní -ing nídìí: «She put off going».

«Put off» tún lè túmọ̀ sí kí á jẹ́ kí nǹkan sú ni: «The smell put me off the fish», òórùn náà ló jẹ́ kí ẹja náà sú mi.

Ti iná ńkọ́? «Put off the light» wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ní Nàìjíríà, kò sì burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé «turn off» tàbí «switch off» ni wọ́n sábà ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù. «Off the light» lásán ni kó mọ sẹ́nu ilé. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò.