Àgbà Ayàwòrán àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀

Iṣẹ́ sùúrù ni kí ènìyàn fi ọwọ́ ya àwòrán tí yóò máa rìn nínú sinimá. Àwòrán 24 ní í kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ó wà láàárín wọn ni ojú ń rí bí ìrìn.

Hayao Miyazaki, tí a bí ní ilẹ̀ Jàpáànù ní ọdún 1941, jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2013, ó kéde pé òun fẹ̀yìn tì. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ayàwòrán lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ pé yóò parun. Ṣùgbọ́n àgbà náà tún mú pẹ́ńsùlù rẹ̀. Sinimá rẹ̀, The Boy and the Heron, jáde ní ọdún 2023, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2024, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Òun nìkan kọ́ ni ó yà á. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni wọ́n jùmọ̀ ṣe é. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ̀yìntì àgbà ní í pa iṣẹ́ ọwọ́, bí kò ṣe àìsí ọmọ tí yóò kọ́ ọ.