‘Kò Hàn, Kò Ràn’: Ìpolówó Tó Dùn Létí Jù

Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó n’Íbàdàn fi orin kékeré kan tí wọ́n fẹ́ gbé sórí rédíò ránṣẹ́ sí mi, pé kí n bá wọn yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ HIV ni. Àwọn ẹgbẹ́ wọn, láti ọmọ ọdún 15 dé 24, ni wọ́n ń bá wí. Ègbè tí wọ́n fi sí i ni ‘Kò hàn, kò ràn.’ Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn, ó ń dún kìkì bí ìlù. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan nínú dánfó yóò máa kọ ọ́ délé.

Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Bí wọ́n bá gbé e sáfẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi kó bá ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kò lábùlà o. Ẹni tó ní kòkòrò HIV lára, tó sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ láìpajẹ, kòkòrò náà yóò dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò ní rí i kà mọ́. Ó lè gbà tó oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá débẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀, kò ní kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún lórí àwọn tọkọtaya ti fìdí èyí múlẹ̀, òun ni àwọn dókítà ń pè ní U=U, ìyẹn ‘Undetectable = Untransmittable’.

Ṣùgbọ́n ta ni kò hàn sí? Nínú Yorùbá, ojú èèyàn la fi ń mọ ohun tó hàn. A ní ó hàn lójú ẹ̀, ó hàn gbangba, ìyà hàn lára ẹ̀. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á sì rántí ọ̀rọ̀ Píjìn tí wọ́n ń kọ sára pátákó láyé ọjọ́sí pé ‘HIV no dey show for face’. Ẹ̀kọ́ ńlá ni, torí ó kọ́ wa pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yọ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ní báyìí, bí ọmọkùnrin ọdún 19 bá gbọ́ ‘Kò hàn, kò ràn’, ọmọge tó jókòó níwájú rẹ̀, tí ara ẹ̀ ń dán, ni yóò wò. Kò sí nǹkan kan tó hàn lára ẹ̀; ó parí, kò lè ràn. Ègbè kan ṣoṣo ti wó ohun tí pátákó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́.

Wúnrẹ̀n kékeré kan ló lè tún un ṣe: mọ́. ‘Ẹ̀rọ ò rí i mọ́, kò ràn mọ́.’ Bí a bá ti gbọ́ mọ́, a mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé nǹkan kan ló lé e sẹ́yìn. Ẹ̀rọ tó ṣáájú sì sọ ẹni tí kò rí i. Ègbè náà gùn díẹ̀ sí i, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn tó ti tẹ́lẹ̀. Kò burú.

Ibòmíràn tí mo fi bírò pupa fà nínú orin yìí ni ‘èsì rere’. Ẹni tó kọ ọ́ wo ‘positive’, ó sì tú u bó ṣe rí i. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọmọ tó gba èsì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sọ fún un pé rere ni, tó sì ń jó lọ sílé. Yorùbá ò ní wàhálà níbẹ̀: ‘wọ́n rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ’, tàbí ‘wọn ò rí i’. Ẹ má sì jẹ́ kí ‘wọn ò rí i’ ti ẹni tí kò ní in rárá pa pọ̀ mọ́ ‘ẹ̀rọ ò rí i mọ́’ ti ẹni tó ń lo oògùn. Ẹni àkọ́kọ́ ò ní kòkòrò kankan tí oògùn máa kápá. Ẹnì kejì kò gbọdọ̀ dá tirẹ̀ dúró.

‘Àrùn kògbóògùn’ náà wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Orúkọ àtijọ́ ni, ó sì nídìí. Ní 1997 tí Fẹlá kú, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, jáde sọ fáráyé pé éèdì ló pa á, oògùn tó lè kápá rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mẹ̀kúnnù lè rí rà nílẹ̀ wa. Ní 2002 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn náà. Nígbà tó di 2006, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Gbọ́ tó wà nínú kògbóògùn ni gbọ́ inú gbọ́ràn: àrùn tí oògùn bá wí, tí kò gbà. HIV ti ń gbọ́ oògùn báyìí. Òótọ́ ni pé oògùn ò tíì lè wò ó sàn, ṣùgbọ́n ó ń kápá rẹ̀. Ta ló ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ní kògbóògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí ayé la ń lo oògùn wọn? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán ni mo ń bá wọn fà. Ọ̀dọ́ tó bá gbọ́ kògbóògùn ò ní ṣe àyẹ̀wò. Á ní, ‘Kí ni mo fẹ́ lọ wádìí ikú mi ṣe?’

‘Àwọn tó ń gbé pẹ̀lú HIV’ ńkọ́? Ẹ yọ ọ́. Ẹni tí a jọ ń gba yàrá là ń bá gbé. ‘Ẹni tó ní kòkòrò HIV lára’ ti tó, kò sì ní èébú nínú. ‘Alárùn éèdì’ ni mo kórìíra jù, orúkọ tí a fi ń léèyàn jáde nílé ni. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí ẹnikẹ́ni má dẹ́yẹ sí ẹni tó ní kòkòrò náà níbi iṣẹ́ tàbí nílé ẹ̀kọ́.

Wọ́n tún fi ‘oògùn ìdènà’ pe nǹkan méjì. Ọ̀kan wà tí ẹni tí kò ní kòkòrò náà ń lò sílẹ̀ kó má baà kó o. Èkejì jẹ́ ti ẹni tí rọ́bà já mọ́ lára, tàbí tí wọ́n fipá bá lò. Kí wákàtí 72 tó pé ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò sì lò ó fún ọjọ́ 28. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ máa jẹ́ oògùn ìdènà, kí èkejì máa jẹ́ oògùn pàjáwìrì. Ẹni tí ojú ń kán á mọ èwo lòun ń wá.

Ibi tí wọ́n ti fakọ yọ ni òwe tí wọ́n yí: ‘Ìfura loògùn àgbà, àyẹ̀wò loògùn ọ̀dọ́.’ Mi ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ì bá ti tú ‘prevention is better than cure’ bí gbogbo ayé ti ń ṣe.

Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n lo ‘ẹ’ àbí ‘o’. ‘Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò’ ti ń rùn bí ìwàásù. ‘Ṣé o ti ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ?’ lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́ ẹni dà bí ìtàkùrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n ní kó sọ gbólóhùn ìparí, lẹ́nu tirẹ̀ ‘o’ yẹn á di ìbáwí. Ẹ fún ọmọdé sọ.

Ó ku ohùn orin. Wọ́n fi fóònù kọ ègbè tuntun náà sí mi létí, akọrin sì gbé ‘kò ràn mọ́’ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni orin fẹ́ gbéra. Ohun tí mo gbọ́ ni ‘kó ràn’. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ àrùn pé kó máa ràn! Dò ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí ràn náà wà ní dò, kí mọ́ nìkan gòkè lọ sí mí. Wọ́n ní orin ò ní ta bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá orin mìíràn.