Bí fóòtì bá ga jù nínú ámúpílífáyà onífáàfù: Ẹ má tíì ta fáàfù tuntun fún oníbàárà

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí iṣẹ́ kan tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀gá àti oníbàárà: ámúpílífáyà gìtá onífáàfù tí fóòtì inú rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ má rò pé ayé fáàfù ti kọjá. Láti nǹkan bí ọdún 1949 tí Àyìndé Bákàrè ti mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú ni ohùn ẹ̀rọ yìí ti wọ àwọn onígìtá wa létí, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì fẹ́ òmíràn títí dòní. Ẹ̀rọ olówó ńlá ni. Ẹyọ kan péré lè gbé orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ga, ó sì lè bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́yìngbò, níbi tí kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Onígìtá kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ó ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ bá mi pààrọ̀ fáàfù ńlá méjèèjì." Ìwé ẹ̀rọ náà sọ pé fóòtì 420 ló yẹ kó wà lórí fáàfù wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n mítà yín ń ka 458. Kí lẹ ó ṣe?

Ọ̀pọ̀ ni yóò ta fáàfù lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ nìyẹn. Bí kì í bá ṣe fáàfù ló dá wàhálà náà sílẹ̀, tuntun náà yóò tètè bàjẹ́. Ọkùnrin náà á padà wá, yóò sì ní ayédèrú lẹ fi rọ́pò ojúlówó òun.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ rántí ẹ̀mí yín. Fóòtì 400 lè pa èèyàn, kapásítọ̀ sì máa ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti paná. Ẹ yọ wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi rẹsísítọ̀ ńlá tí ẹ ti fi rọ́bà bò tú iná inú kapásítọ̀ dà sára irin ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì fi mítà wò ó pé ó ti lọ tán. Bẹ́ ẹ bá ń wọn iná nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe.

Ó wá kan iṣẹ́ gan-an.

Èkíní, ẹ yẹ mítà yín wò. Bí bátìrì inú mítà bá ti rẹ̀, ó lè máa ka iye tó ga ju òótọ́ lọ. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, tàbí kẹ́ ẹ fi mítà mìíràn wò ó.

Èkejì, ẹ wọn iná inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ bóyá 220 ni wọ́n so ó mọ́ tàbí 240. Bí ẹ̀rọ 220 bá ń gba 240, gbogbo fóòtì inú rẹ̀ yóò fi nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lé. Fóòtì 420 yóò di 458.

Ẹ̀kẹta ni kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ wọn iná wáyà tó ń pọ́n nínú fáàfù. 6.3 ló yẹ kó jẹ́. Bí òun náà bá ti gòkè tó 6.9, iná tó ń wọlé ló ga, fáàfù kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wà ní 6.3 gẹ́lẹ́, inú ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ ti wá a.

Ẹ̀kẹrin, bó bá jẹ́ inú ẹ̀rọ ni, ó lè jẹ́ pé fáàfù kò fa iná tó. Ẹ wo omi tó ń bọ̀ láti inú táǹkì orí òrùlé: bí gbogbo ilé bá ti ẹnu ẹ̀rọ wọn pa, omi á máa tú jáde lágbára níbi ẹyọ kan tó ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóòtì máa ń ga bí kò bá sí ẹni tó ń fà á. Bí tíráńsífọ́mà bá ń mú 330 wá, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.41, ó di 465. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá yọ fáàfù tẹ́ ẹ rí 465, kò sí àrùn níbẹ̀. Bí fáàfù bá wà nínú rẹ̀ tí fóòtì ṣì ga, ẹ wò ó bóyá ọ̀kan ti kú, bóyá báyáàsì ti pọ̀ jù, tàbí bóyá rẹsísítọ̀ tó so ẹsẹ̀ fáàfù mọ́ irin ti já.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ béèrè ẹni tó ti ṣí i tẹ́lẹ̀. Ẹni tó yọ fáàfù 5Y3 tó ń sọ iná di DC, tó fi GZ34 tàbí dáyóòdù rọ́pò rẹ̀, ti gbé fóòtì ga. Ẹni tó tún tíráńsífọ́mà wé tó sì ṣi iye ìwé rẹ̀ kà náà ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti oníbàárà wa yìí, 6.9 lẹ rí, 240 ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, 220 ni wọ́n so ẹ̀rọ mọ́. Ẹ gbé wáyà lọ sí 240, iṣẹ́ parí. Bí ẹ̀rọ kò bá ní àyè 240, kó ra sitabiláísà tó dára. Ẹ tún bi í bóyá jẹnẹrétọ̀ ló ń lò lóde àríyá, torí àwọn kan máa ń yí ìdè jẹnẹrétọ̀ kó lè sáré sí i, fóòtì rẹ̀ á sì fò sókè. Bó bá sì jẹ́ pé 300 lẹ rí nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kí wáyà níútírà àdúgbò ti já. Ẹ pa gbogbo nǹkan, kẹ́ ẹ ké sí àwọn tó ń pín iná. NEPA lọ̀pọ̀ ṣì ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti di PHCN lọ́dún 2005, tí ìjọba sì ta á fún aládàáni lọ́dún 2013.

Ẹ ó ní, "Bí mi ò bá ta fáàfù, èrè mi ńkọ́?" Ẹ gba owó àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún oníbàárà kẹ́ ẹ tó tú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ kọ iye mẹ́ta sórí rìsíìtì rẹ̀ àti sínú ìwé yín: ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ti wáyà pípọ́n, ti orí fáàfù. Bó bá padà wá pẹ̀lú ẹ̀sùn, ìwé ni yóò bá yín rojọ́. Ẹni tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ìnáwó tí kò yẹ, òun ni yóò mú onígìtá mẹ́ta wá fún yín.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó dìgbà kan ná.