Ẹ Má Ti Ẹ̀rọ Èémí Bọ Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Tọmọdé tàgbà ló mọ ohun tí òwe yìí ń wí, ṣùgbọ́n ó jọ pé bàbá kan ní Ìgbẹ́tì, ní Òkè-Ògùn, gbàgbé rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ wọn fi CPAP, ẹ̀rọ èémí tí wọ́n ń fi sùn, ránṣẹ́ sí wọn láti òkè òkun. Òru méjì péré ni wọ́n lò ó. Wọ́n ní ìbòmú rẹ̀ ń há àwọn mọ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbẹ àwọn lọ́fun, ni wọ́n bá tì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Eruku ọyẹ́ ti bò ó báyìí.

Ó dunni, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Aráyé a máa rò pé ẹni tó ń hanrun ń gbádùn oorun ni. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú àìsàn tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ yìí fún, ọ̀nà ọ̀fun ló máa ń pa dé lójú oorun, tí èémí á dá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá le, ó lè ṣẹlẹ̀ sí i ju ìgbà 30 lọ láàárín wákàtí kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń bá a rìn. Tó bá di ọ̀sán, oorun á máa kùn ún. Bó bá jẹ́ awakọ̀ tó ń kó òkúta mábù jáde ní Ìgbẹ́tì ni, kì í ṣe òun nìkan ló wà nínú ewu. Ẹ̀rọ náà kì í fúnni ní ọ́síjìn o. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fi agbára díẹ̀ fẹ́ wọlé, kí ọ̀fun má baà pa dé.

Ìnira ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Dókítà Colin Sullivan, tó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ náà ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, tó sì kéde rẹ̀ ní 1981, mọ́tò ẹ̀rọ tí ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀ ló lò. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ ìbòmú mọ́ àwọn tó kọ́kọ́ lò ó nímú. Okùn rírọ̀ ni tòde òní.

Níbo ni kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀? Kó má dúró dòru. Lọ́sàn-án, tó bá jókòó ti rédíò tàbí tẹlifíṣàn, kó fi ọwọ́ gbé ìbòmú lé imú, láì tíì so okùn. Tó bá ti mọ́ ọn lára, kó so ó, kó tan ẹ̀rọ, kó máa mí. Lẹ́yìn náà, kó fi sun oorun ọ̀sán. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ló ní ibi tí a ń tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, kó máa lágbára bí oorun ṣe ń gbéni lọ. Imú ẹlẹ́dẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọyẹ́ Òkè-Ògùn kì í fojú rere wo imú. Bí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ bá tún dé e lórí, imú á dí, ẹnu á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè yọ. Ìdí nìyí tí agolo omi kékeré fi máa ń wà lára ẹ̀rọ, kí ọ̀rinrin lè wà nínú afẹ́fẹ́. Kí wọ́n má bu omi kànga sí i: omi ilẹ̀ olókùúta mábù a máa fi nǹkan funfun sílẹ̀ nídìí ìkòkò, á sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Kí wọ́n má sì ra omi bátìrì ọkọ̀ láéláé. Ásíìdì lè wà nínú rẹ̀. Omi distilled tó mọ́ ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n sì máa da èyí tó ṣẹ́kù nù láràárọ̀. Òrí tí gbogbo ilé fi ń para dára, àmọ́ àárọ̀ ni kí wọ́n fi pa ojú. Ojú tó ń dán fún òrí lálẹ́ kì í jẹ́ kí ìbòmú dúró.

Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jò, ọ̀pọ̀ ló máa ń fa okùn le. Àṣìṣe ńlá! Okùn tó le ló ń dá egbò sórí igi imú. Kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá tún okùn ṣe lórí ìrọ̀rí. Àpá díẹ̀ láàárọ̀ kò ba ẹnikẹ́ni jẹ́: ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn oníròyìn rí àpá okùn lójú Joe Biden, tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ilé ìjọba sì sọ pé irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ń lò.

Iná ọba ńkọ́? Bí ó bá lọ, ẹ̀rọ á dákẹ́. Kí ẹni náà yọ ìbòmú. Bátìrì tàbí ìnfátà ló dára jù. Jẹnẹrétọ̀ abẹ́ fèrèsé, èéfín rẹ̀ ni ẹ̀rọ á máa fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń pani.

Àmọ́ òwe ẹlẹ́dẹ̀ kò tọ̀nà tán. Àwọn kan ti sọ ọ́ di àwáwí: wọ́n lò ó lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn olùwádìí rí i pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń fi hàn bóyá èèyàn á lò ó pẹ́. Àwọn ìnira kan sì wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fara dà. Egbò kì í mọ́ni lára, ó ń le sí i ni. Ẹnu tó ń ṣí lójú oorun lè nílò ìbòmú tó bo imú àti ẹnu pọ̀. Ikùn tó ń kún fún afẹ́fẹ́ láràárọ̀, dókítà ló ń bá a tún agbára ẹ̀rọ wò. Kí aláìsàn má fọwọ́ ara rẹ̀ yí i.

Ìgbẹ́tì jìnnà sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, àgbàlagbà kò sì lè máa sáré lọ síbẹ̀ nítorí okùn ìbòmú. Fóònù wà. Kí ọmọ tó fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ pe bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an, kó ní kí àbúrò tó wà nílé ya àwòrán igi imú wọn sórí WhatsApp. Bí ibẹ̀ bá ti ń bó, kó fi àwòrán náà han dókítà, kó sì wá ìbòmú ìwọ̀n mìíràn lọ́jọ́ náà.