Nehemáyà, Pùrójẹ́ẹ̀tì àti Ìwé Ìwáṣẹ́

Kíkà: Nehemáyà 1:1 sí 2:9, 4:15-23, 6:1-15

Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọdún ìkẹyìn, tí ẹ ń fi ọwọ́ kan kọ pùrójẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sì ń fi ìkejì wá iṣẹ́ lórí fóònù. Mo ti wà níbẹ̀ rí. Màídúgùrì ni mo ti kàwé, ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní Monday Market ni mo sì máa ń jókòó sí bí mo bá fẹ́ ṣiṣẹ́. (Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ọjà náà tàn yín jẹ: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná an, kì í ṣe ọjọ́ Ajé nìkan.)

Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ wa ní ọdún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Nígbà tí a wọlé padà, ìdágìrì ni gbogbo nǹkan. Ọjọ́ orí ń lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè kò ní lè sin ilẹ̀ baba rẹ̀ lábẹ́ NYSC. Àyà mi ń já. Gbogbo fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tí mo bá rí ni mo ń kọ, ìbáà bá ohun tí mo kà mu, ìbáà má bá a mu.

Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2023, wọ́n ti gbogbo yunifásítì pa nítorí ìbò, láti ọjọ́ 22 oṣù náà títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Súpáfáísọ̀ mi ní kí n mú Orí Kẹrin wá bí a bá wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Mo ní yóò tó fún méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ sórí fọ́ọ̀mù, n kò ṣí Orí Kẹrin wò.

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26 oṣù Kejì, ọjọ́ kejì ìbò ààrẹ, iná sọ ní Monday Market. Nígbà tí èmi àti àǹtí mi fi débẹ̀, páànù tó ti ká kò àti èéfín ló kù níbi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Èmi ni mo sunkún. Àwọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ní kí n fún àwọn ní bébà àti bírò. Wọ́n fa ìlà sí àárín bébà náà. Wọ́n kọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sí apá kan, wọ́n kọ àwọn tí wọ́n jẹ ní Kánò àti ní Èkó sí apá kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí wọ́n jẹ lówó, kí àwọn yẹn tó pè wọ́n. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi pàtẹ ìwọ̀nba àǹkárá tó wà nílé sórí tábìlì kan lẹ́nu géètì wa.

Ìdí tábìlì yẹn ni wọ́n ti bi mí pé, "Ìwọ náà ńkọ́? Ta lo jẹ ní gbèsè? Ta ló jẹ ọ́?"

Mo fa ìlà tèmi. Orí Kẹrin àti Orí Karùn-ún ni mo jẹ. Mo mọ ẹni tí mo jẹ wọ́n, mo mọ ọjọ́ tí yóò béèrè. Ní apá kejì, kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó jẹ mí ní nǹkan kan. Kódà, èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́ọ̀mù tí mo ti kọ ló ń béèrè ìwé ẹ̀rí NYSC, èyí tí n kò lè ní kó tó ju ọdún kan lọ sígbà náà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ibẹ̀ ni Nehemáyà ti yé mi ní ọ̀nà mìíràn. Orí kẹrin ni àwọn oníwàásù fẹ́ràn, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kan mọ odi, tí ìkejì di ohun ìjà mú. Ní tèmi, orí kejì ni kí fáínálísìtì kọ́kọ́ kà. Láti oṣù Kisleu tó gbọ́ ìròyìn Jerúsálẹ́mù títí di oṣù Nisani tó bá ọba sọ̀rọ̀, bí oṣù mẹ́rin ni. Ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ agbọ́tí sílẹ̀. Nígbà tí ọba bi í pé kí ló fẹ́, ó gbàdúrà ní kúkúrú, ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀: ó dá ọjọ́, ó béèrè lẹ́tà sí àwọn gómìnà, ó béèrè igi lọ́wọ́ olùṣọ́ igbó ọba, ó sì mọ orúkọ ọkùnrin náà, Asafu. Ẹni tó kàn fi oṣù mẹ́rin sunkún kò lè mọ Asafu.

Ìwáṣẹ́ ọdún ìkẹyìn nìyẹn. Ta ni Asafu tìrẹ? Olùkọ́ wo ló mọ iṣẹ́ rẹ dé ibi tó lè jẹ́rìí sí ọ? Ṣé o ṣì ń kí àwọn ọ̀gá tí o bá ṣiṣẹ́ nígbà IT rẹ? Ṣé CV rẹ wà ní ṣíṣe, àbí ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́? Pùrójẹ́ẹ̀tì náà gan-an wà lára rẹ̀. Ìṣirò SPSS tí mo ń sá fún ní Orí Kẹrin ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo lè mú jáde fi han ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan. Mo fi gbogbo ọjọ́ fún un, mo sì fi wákàtí méjì ní alẹ́ Sátidé fún lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ẹ wo 4:16 dáadáa: ìdajì ń ṣiṣẹ́, ìdajì ń ṣọ́. Wọ́n pín in ni.

Orí kẹfà wá kàn mí ní oṣù Karùn-ún. Ilé-iṣẹ́ kan pè mí fún ìdánwò ní Kánò ní Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Ẹtì sì ni dìfẹ́ǹsì mi. Láti Màídúgùrì gba Dàmátúrù àti Pọ́tískùm dé Kánò, odindi ọjọ́ kan ni. N kò lè padà bá a. Ẹnì kan nínú fẹ́lóṣíìpù wa ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ono ni Kánò yẹn. N kò gbà. Àwọn tó pe Nehemáyà sí Ono fẹ́ ṣe é ní ibi. Ilé-iṣẹ́ tó pè mí kì í ṣe ọ̀tá mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Nehemáyà kàn mí: bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ, ṣé iṣẹ́ yóò dúró? Mo gbàdúrà, n kò gbọ́ ohùn kankan. Mo tún wo bébà tí mo fa ìlà sí.

Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi ní ọjọ́ mìíràn. Títí di òní, wọn kò dáhùn. Ó dùn mí fún ọ̀pọ̀ oṣù, n kò ní purọ́ fún yín.

Ní Ọjọ́ Ẹtì yẹn, orí tábìlì kan nínú Orí Kẹrin ni ìbéèrè kejì dá lé, mo sì dáhùn láìwo ìwé. Nígbà tí mo jáde, àǹtí mi wà níta pẹ̀lú kúlà tí mínírà kún inú rẹ̀. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo, oníṣòwò kan ní Kánò, nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé gbèsè wọn.